Ọkọ̀ Tí Ń Gbóná Ní Ìsọ̀kalẹ̀ Òkè

Ọkọ̀ tí ó bá ń gbóná nígbà tí ó ń gun òkè kì í ṣe ìyanu. Ẹ gbé e wá, màá tún un ṣe. Ṣùgbọ́n èyí tí Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́ gbé wá bá mi ní Osi lọ́dún 1962, bí ó bá ń gun òkè ni ó ń tutù. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, tí èèyàn lè pa ẹ̀rọ kí ọkọ̀ sì máa yí lọ fúnra rẹ̀, nígbà náà ni ọwọ́ aago tí ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe gbóná tó yóò gbéra, yóò lọ dúró síbi tó pupa. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi, ẹni tí kò bá sì fẹ́ gbọ́ ìtàn lẹ́nu ẹni tí inú ń bí, kó dìde kó máa lọ.

Àlímì ni orúkọ mi. Ìlọrin ni mo ti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, Osi ni mo sì ti ń ṣe é, lábẹ́ igi máńgòrò kan létí ọ̀nà Eruku. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bí ọkàn mi ṣe rí lákòókò náà, kí ẹ má baà rò pé ọkọ̀ nìkan ló dà mí láàmú. Kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tí a sin Salamot, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo. Oyún oṣù mẹ́sàn-án wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ òkè, níbi tí ọ̀nà Òkè-Ọ̀pin ti yà kúrò lára títì, ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀, kèrègbè òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣítù ọkọ rẹ̀ wà lóko lọ́jọ́ náà. Ó ń búra pé ìyàwó òun kò jáde lọ́wọ́ òfo, pé ó ti di ẹrù ọmọ sílẹ̀ láti ìgbà tí agbẹ̀bí ti sọ fún un pé ọmọ náà dábùú, pé bí ó bá ti ń rọbí, kí ó má ṣe dúró sílé, ọsibítù tó wà lọ́hùn-ún Eruku ni kí ó gbà lọ. Mo ní, "Ẹrù wo? Ta ló rí ẹrù?" Nítorí a ò bá ẹrù kankan níbẹ̀. Mo pè é ní òpùrọ́ lórí sàréè, lójú àwọn àáfà. Mo ní ó lé àbúrò mi síta bí ajá. Mo ṣépè fún un. Ó dorí kodò.

Báyìí ni inú mi ṣe rí nígbà tí Adégbìtẹ́ dé. Ọmọ Ìlọ́fà ni, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe ní Kàdúná, ó sì gba ìsinmi gígùn wálé láti parí ilé alájà tó ń kọ́. Ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ tuntun, aláwọ̀ ewé, àga inú rẹ̀ sì funfun bí ẹyin tí a bó. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi.

"Ìwọ ni wọ́n ní o mọ ọkọ̀?" ó wí. "Àwọn méjì ti fọwọ́ kàn án n'Ílọrin, wọn ò rí nǹkan kan ṣe sí i. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, sọ. Má sì fi ọwọ́ ẹlẹ́pọ̀ kan àga mi."

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná, ọ̀gá," ni mo wí. Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Lọ́jọ́ náà, eyín ni mo fi di sùúrù mi mú.

Mo wo bẹ́líìtì fáànù, ó le dáadáa. Mo wo ìdérí rédíétọ̀, tuntun ni. Mo fọwọ́ tẹ àwọn rọ́bà tí omi ń gbà kọjá, kò sí èyí tó jò. Mo yọ tẹmosítáàtì, ìyẹn irin kékeré tí ń ṣílẹ̀kùn fún omi nígbà tí ẹ̀rọ bá gbóná, mo jù ú sínú ìkòkò omi lórí iná. Nígbà tí omi hó, ó lanu. Nígbà tí mo gbé e kúrò, ó padé. Mo tú wáyà aago, mo fi kan ara irin, ọwọ́ rẹ̀ lọ, ó sì padà bó ṣe yẹ. Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ náà. Adégbìtẹ́ jókòó sórí àga mi, ó ń fi ìwé ìròyìn lé eṣinṣin, ó sì ń pòṣé.

Ìgbà náà ni mo tú omi rédíétọ̀ sílẹ̀ sínú páànù. Omi rédíétọ̀ a máa pọ́n nítorí ìpẹtà. Èyí dúdú. Mo fi ìka kàn án, ó lẹ̀ mọ́ mi léèékánná. Ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ìrìn Ìlọ́fà sí Osi ni, ó yẹ kí omi inú rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n ó tutù bí omi inú àmù. Òórùn kan wà lára rẹ̀ tí mo mọ̀, tí mi ò sì rántí ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo dà á nù. Mo fi omi kànga ṣan inú rédíétọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta títí ohun tí ń jáde fi mọ́ gaara, lẹ́yìn náà ni mo pọn omi kànga kún un.

"Ọ̀gá, ẹ wọlé, kí a lọ dán an wò."

"Ìwọ máa lọ. Màá dúró níbí."

"Bí ẹ kò bá sí níbẹ̀, mi ò ní wà á."

Ó wọlé, ó sì jókòó tì mí bí ẹni tí a fi agbára gbé wọ ilé ẹjọ́. A kọjú sí ọ̀nà Eruku. Ọwọ́ aago wà láàárín. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ òkè, mo gbé ojú kúrò níbi tí wọ́n ti bá àbúrò mi, mo tẹ ọkọ̀ gùn ún. Ẹ̀rọ ń ké, ọwọ́ aago sì ń lọ sísàlẹ̀. Lórí òkè, mo yí orí ọkọ̀ padà sí Osi. A ò tíì rìn tó ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń ka fátíhà kan tí ọwọ́ náà fi gbéra. Mo yí padà sí Eruku, ó lọ sílẹ̀. Mo yí sí Osi, ó gòkè. Mo wá ibi tí ilẹ̀ gbé tẹ́jú, mo tún dán an wò níbẹ̀, bákan náà ni. Irin kì í mọ ibi tí ìlú wà. Mo sọ ọ́ síta fún ara mi, ohùn mi kò sì dùn mọ́ mi létí.

Mo tún rí ohun mìíràn. Èmi àti Adégbìtẹ́ nìkan la wà nínú ọkọ̀, iwájú sì ni àwa méjèèjì jókòó sí, ṣùgbọ́n nígbà tí a kó sínú kòtò kan, sípíríǹgì ẹ̀yìn dún bí ìgbà tí ẹnì kan wà lórí rẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn. Omi ti rin àga funfun náà, ó fẹ̀ tó ibi tí èèyàn lè jókòó. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí a kúrò ní Osi.

A ń sọ̀ kalẹ̀ padà. Ní ẹsẹ̀ òkè gan-an, rédíétọ̀ hó, èéfín bo gíláàsì, mo sì pa ẹ̀rọ. Oòrùn ọ̀sán wà lókè, kò sí ẹyẹ tó ké. Mo fi àkísà ṣí ìdérí. Omi kànga tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn sínú rẹ̀ kò mọ́ mọ́. Ó ti dúdú. Òórùn yẹn sì gbá mi nímú, mo wá mọ̀ ọ́n: kànáfùrù.

Àáfà Issa n'Ílọrin ló kọ hàntú ìbímọ, ìyẹn omi ọ̀rọ̀ Kùránì tí aboyún ń mu, fún Salamot. Èmi ni mo lọ gbà á. Lójú mi ló ti kọ ọ́ sára wàláà, lójú mi ló ti fọ tàdáà náà, yíǹkì dúdú tó fi kọ ọ́, sínú kèrègbè, kò sì sí àáfà mìíràn tí mo mọ̀ tí ń fi kànáfùrù sínú tàdáà rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá mu ún, Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀ lójú ọ̀nà, àfi bí ó bá gúnlẹ̀ síbi ìbímọ." Mo ṣe àmín, mo gbé kèrègbè náà lọ fún àbúrò mi ní Òkè-Ọ̀pin.

Mo padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀. Adégbìtẹ́ kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Itan rẹ̀ ló tẹjú mọ́, òógùn sì ń kán sórí ṣòkòtò rẹ̀.

"Ọ̀gá," mo rọra wí, "níbo lẹ ti bu omi sí ọkọ̀ yìí?"

"Omi ni omi."

"Níbo ni?"

"Lọ́wọ́ obìnrin kan," ó wí. "Níbí."

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ọ̀nà wa láyé ìgbà náà, ẹ gbọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi a di góòlù láàárín Osi àti Eruku, ẹsẹ̀ òkè yẹn sì ni ọkọ̀ ti máa ń hó. Òfin àwa onímọ́tò ni pé ẹni tó bá fún ọkọ̀ lómi ti wọkọ̀ náà. A kì í bi í ní nǹkan kan mọ́. Ibi tó bá ń lọ, a ó gbé e dé ibẹ̀. Èmi yìí ni mo sọ ọ́ fún Salamot. Mo ní, "Bí ọ̀rọ̀ bá di kánjúkánjú, mú omi dání lọ sẹ́sẹ̀ òkè. Kò sí awakọ̀ tí yóò fi ọ́ sílẹ̀." Lọ́jọ́ tó ń rọbí, kò sí omi nílé, hàntú nìkan ló kù nínú kèrègbè. Ó gbé e dání, ọkọ̀ ló sì mu ún.

"Ó ní òun ń lọ sí ọsibítù," Adégbìtẹ́ wí. Ohùn Kàdúná ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Mo ní kó fún mi lómi, màá gbé e. Ó fún mi. Ó gbé ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú, ó ń kérora. Mo rí i pé omi ara rẹ̀ ti ń ṣàn lẹ́sẹ̀. Àga yẹn, kò tíì ju oṣù kan lọ tí mo ra ọkọ̀ náà..."

"O wakọ̀ lọ."

"Mo rò pé ọkọ̀ mìíràn máa kọjá."

"Nígbà tí o ń bọ̀ láti Eruku, ṣé o kò rí èrò níbí?"

"Mo rí wọn."

"Ṣé o dúró?"

Ẹ ó ti rí i pé mi ò pè é ní ọ̀gá mọ́. Mo ní kí ó ṣí búùtù. Ẹrù náà wà lábẹ́ táyà ìpààrọ̀, ìdì aṣọ àdìrẹ kan tí èmi fúnra mi rà fún àbúrò mi. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun láti sọ aṣọ ọmọ nù sínú igbó. Ẹni tó sọ ìyá ọmọ nù! Mo tú u. Ọ̀já ọmọ, ọṣẹ dúdú, fìlà kékeré kan. Ṣítù kò purọ́.

Sípánà ńlá wà lọ́wọ́ mi. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, mo gbé e sókè. Mo fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lára àga funfun yẹn. Òun pàápàá mọ̀, ó pa ojú dé. Ohun tó dá ọwọ́ mi dúró kì í ṣe àánú. Ẹ̀rọ ti kú, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi, síbẹ̀ mo rí i láti ojú fèrèsé pé ọwọ́ aago tún ti gbéra, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ sí pupa. Omi sì ń hó nínú rédíétọ̀ tí kò síná lábẹ́ rẹ̀. Láti ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo ti gbọ́ ìkérora, kò ròkè, bí ẹni tó ti ké títí tí ohùn ti há.

Mo lè fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo lè sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n tún ṣe, kí ó máa gbé e kiri títí yóò fi gbiná mọ́ ọn lórí. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Adégbìtẹ́ nìkan ni yóò jó. Oṣù mẹ́ta ni àbúrò mi ti fi ń rọbí nínú ọkọ̀ ẹni tí kò fẹ́ gbé e.

"Bọ́ sílẹ̀," mo wí fún un. "Ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un. Sọ fún un pé kó wọlé."

Ó ṣílẹ̀kùn. "Ẹ wọlé, màámi," ó wí sínú afẹ́fẹ́. A dúró. Ọkọ̀ náà tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Adégbìtẹ́ rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Òun ni mo jẹ́ kó wà á. Mo gbé ẹrù ọmọ lé itan mi. Láti ẹsẹ̀ òkè títí a fi la Eruku kọjá, ọwọ́ aago ń lọ sílẹ̀, bí ó sì ti ń lọ sílẹ̀ ni ìkérora ẹ̀yìn wa ń yára sí i. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀rù bà mí pé màá rí i, ẹ̀rù sì bà mí pé mi ò ní rí i.

Nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Susanna ló jáde wá bá wa níwájú ọsibítù. Kò kí wa. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló kọrí sí, ó ṣí i, ó na ọwọ́ méjèèjì wọlé.

"Ẹ rọra, màámi. Ẹ fara tì mí." Ó wá kọjú sí wa. "Ọkùnrin méjì, ẹ jókòó, ẹ ń wò ó! Èwo nínú yín ni ọkọ rẹ̀?"

Ó pòṣé, ó fi apá gbá afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó sì ń rìn lọ ní ìrìn ẹni tó ń gbé ẹlòmíràn ró. Lórí sìmẹ́ńtì tó tẹ̀ lé, ipa ẹsẹ̀ méjì ló wà: ti bàtà rẹ̀, àti ti ẹsẹ̀ lásán kan tó tutù, tó dúdú bíi tàdáà.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó tún jáde. A ti bọ́ sílẹ̀, mo ti di ẹrù ọmọ mọ́ àyà.

"Ta ni Àlímì nínú yín?"

"Èmi ni."

"Ó ní kí ẹ má wọlé. Ó ní Ṣítù ni kí ẹ lọ bá òun pè wá." Ó fajú ro, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kò yé òun alára. "Ó ní òun kò fẹ́ rí ẹni tó ṣépè fún ọkọ òun lórí sàréè òun. Ẹ má bínú, ìrora ló máa ń mú wọn sọ ìsọkúsọ."

Mo dúró síbẹ̀ bí òpó. Adégbìtẹ́ ti padà sínú ọkọ̀. Ó tan ẹ̀rọ, ó tẹjú mọ́ aago, mo sì rí i tó mí kanlẹ̀. "Ó ti dúró sójú kan," ó wí. Ó yí orí ọkọ̀ sí ọ̀nà Osi, ó lọ, kò sì hó lọ́jọ́ náà, kò hó mọ́ láéláé. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó kọ lẹ́tà sí mi láti Kàdúná pé ọkọ̀ òun ń ṣe dáadáa, pé òun ń ròyìn mi fún àwọn ọ̀rẹ́ òun níbi iṣẹ́. Ìròyìn! Mo fi lẹ́tà náà dáná.

Mo wá ọkọ̀ ẹrù ńlá kan tó gbé mi dé ẹsẹ̀ òkè, mo fẹsẹ̀ rin ìyókù dé Òkè-Ọ̀pin. Ṣítù jókòó níwájú ilé rẹ̀, ó ń pọ́n àdá. Ó rí mi, ó sì gbé àdá náà sílẹ̀, kí n má baà rò pé ó ní ohun tó fẹ́ fi ṣe. Àna mi ni. Òun ló fẹ́ ọmọ wa, òun ló yẹ kó máa dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Àyà mi kan iyẹ̀pẹ̀, níwájú ìyá rẹ̀ àti àwọn tó ń kọjá lọ.

"Ẹ dìde n'úlẹ̀," ó wí. "Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n."

Mo gbé ẹrù náà fún un. Ó mọ aṣọ náà. Ó gbé e sí imú, ó pẹ́ níbẹ̀. "Mo sọ fún yín," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo ní kò jáde n'úlé lọ́wọ́ òfo." Mo sọ ìyókù fún un. Mo rò pé yóò sọ pé orí mi ti dàrú. Ó kàn so ẹrù náà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì gùn ún lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló padà dé. Mo ti ń dúró dè é. Kò sí ẹrù lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mọ́. Àyà dàńṣíkí rẹ̀ tutù, ó dúdú, ó sì ń rùn kànáfùrù.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Obìnrin ni." Ó dúró, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. "Àwọn méjèèjì ti lọ."

Ó yẹ kí n dákẹ́. Mi ò lè dákẹ́. "Ṣítù, ṣé ó dárúkọ mi?"

Ó wò mí, ojú náà kò le, kò sì rọ̀. "Ó dárúkọ yín."

"Kí ló ní?"

"Ó ní kí n má sọ."

Mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ lọ́dún Iléyá, mo bẹ̀ ẹ́ nígbà tó fẹ́ ìyàwó mìíràn, mo bínú sí i, mo tún bẹ̀ ẹ́. Kò bá mi jà rí, kò sì sọ ọ́. Ní ọdún tó kọjá, àìsàn gbé e dè, wọ́n ránṣẹ́ pè mí, mo jókòó tì í lórí ẹní láti ìdájí títí di ọ̀sán. Ó di ọwọ́ mi mú. Lẹ́ẹ̀kan, ó la ẹnu, mo tẹ etí sí i. Omi ló béèrè. Mo fún un ní omi, ó mu ún, ó sì kú.